Ọrun Ẹ̀gbọ́n Mi

Ogójì ọfà ni mo ta lájọ̀dún èṣí,
mẹ́ta péré ló dé ibi tí mo rán wọn.
Àwọn tó kù wọ koríko lápá òsì
bí àgùntàn tó mọ̀nà ilé olówó ẹ̀.
Àwọn adájọ́ tó dúró ti àmì kò gbọ́wọ́ sókè,
wọn ò ké “Úúháì!” fún mi.
Afẹ́fẹ́ aṣálẹ̀ nìkan ló ń súfèé.

Èmi Luvsan, tí ń lẹ táyà ọkọ̀ akẹ́rù ní Mandalgovi,
mo ní abèèrè kì í ṣìnà.
Mo bèèrè.

Gendensambuu, tó gba àmì-ẹ̀yẹ nígbà tí irun rẹ̀ ṣì dúdú,
ní kí n gbé ìgúnpá sókè.
Mo gbé e. Ọfà gba òsì.
Ọmọ rẹ̀ tó kàwé lólú-ìlú ní
mí sínú, ka ẹẹ́ta, mí síta.
Mo kà á títí èémí fi gbàgbé iṣẹ́ ẹ̀.
Òsì.
Ẹnìkan ní òrùka àtàǹpàkò mi ló gbòòrò jù,
ẹnìkan ní ìyẹ́ igún tó wà nídìí ọfà ti gbó,
ìyàwó mi ní àfi kí n yé mu wàrà abo-ẹṣin kíkan
kí n tó lọ pápá.
Ìyẹn ló dùn mí jù, torí mo gbìyànjú ẹ̀.
Òsì náà ni.

Wọ́n ní ìyá àgbà kan ń bẹ lẹ́yìn òkè pupa,
Pagmajav. Ojú ẹ̀ ti ṣú,
ó tó ogún ọdún tó ti rí àmì kẹ́yìn.
Mo gun alùpùpù fún wákàtí mẹ́ta, táyà jò lẹ́ẹ̀mejì
(alátàyà, ẹ má rẹ́rìn-ín).
Mo bá a níbi tó ti ń fún wàrà ewúrẹ́.

Mo rò pé á ní kí n fi ìdúró mi hàn òun.
Ó ní, “Jókòó. Jẹ wàrà gbígbẹ.”
Ó ní, “Fa ọsán. Má fi ọfà sí i.”
Mo fà á. Ó tẹ́tí.
Ó ní kí n tún fà á. Ewúrẹ́ kan wúkọ́.
Ó nawọ́, ó fọwọ́ pa ọrun láti orí dé ìdí,
ìwo, iṣan, àtè ẹja,
ó dúró níbi ìdìmú tí àtẹ́lẹwọ́ ẹlòmíràn ti jẹ.
“Ta ló ni í?”

Chimid ni. Apá rẹ̀ gùn,
àyà rẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn gáréèjì.
Yìnyín adágún àríwá là lábẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀,
ọdún kẹfà rèé,
ọrun yìí ló kù lórí ìṣó.
Mi ò sọ gbogbo èyí. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi ni.”

“Ó le jù fún ọ,” ni ìyá wí,
bí ẹni ń sọ pé iyọ̀ ti pọ̀ nínú ọbẹ̀.
“Èjìká rẹ ti ń gbọ̀n kí ọsán tó détí.
Ò ń bá òkú jìjàkadì, o fẹ́ kí ọfà lọ tààrà?
Wá ọrun tí wàá fà bí ẹni ń ṣílẹ̀kùn ilé ara ẹ̀.
Tìgúnpá, tèémí, ìyẹn á tẹ̀lé e.”

Inú bí mi dé ilé.
Ẹ̀kọ́ ni mo wá gbà, wọ́n gba ogún lọ́wọ́ mi.
Agbójúlógún ni mí bí?
Mo bi alùpùpù. Kò fèsì.

Wọ́n ní ọsán já, ọrun dọ̀pá.
Tiwa kì í dọ̀pá.
Mo tú ọsán ọrun Chimid lálẹ́ ọjọ́ náà,
ó ká padà sẹ́yìn, ó ṣù bí ọmọ tó sùn.
Mo fi aṣọ ìlékè rẹ̀ wé e.

Ọrun ọmọ-ọmọ Gendensambuu ni mo yá,
ó so rìbọ́ọ̀nù pupa mọ́ ọn, àwọn ọmọdé ń wò mí.
Mo fà á. Èjìká mi dákẹ́.
Ọfà àkọ́kọ́ gba ọ̀tún.

Ọ̀tún!
Mo rẹ́rìn-ín títí ajá àdúgbò fi gbó.
Lọ́la, mò ń gbé táyà àfikún méjì dání,
mò ń padà lọ bá ìyá.